Abẹ́ Okùn Ni Ọ̀bẹ Ń Gbà

Èèyàn líle ni Dúńbú. Wọn ò bí i bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, òun náà sì gbà fún iṣẹ́. Mo ti rí i tó fi orí kan awakọ̀ kan nímú nítorí pé ọkọ̀ onítọ̀hún ta omi ẹ̀gbin sí i láṣọ. Mo ti rí i tó gbé ọkùnrin tó tóbi jù ú lọ sókè, tó sọ ọ́ mọ́lẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Àbúrò mi ló fẹ́, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Kò na àbúrò mi rí. Ìyẹn nìkan ni mo lè fi gbè é.

Odò ẹran la ti jọ ṣiṣẹ́. Àwa mẹ́rin la máa ń pa màlúù kan, iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe la sì fi ń pè é. Èmi ni mò ń di ìwo mú, wọ́n ń pè mí ní Ìwo. Ẹni tó ń fa okùn ni Gbọingbọin, nítorí pé tó bá ti fẹsẹ̀ tilẹ̀, akọ màlúù méjì ò lè yẹ̀ ẹ́. Àbúrò Dúńbú, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kékeré là ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó ga ju gbogbo wa lọ. Dúńbú ló ni ọ̀bẹ.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Òrùka irin kan wà nílẹ̀, wọ́n rì í mọ́ inú sìmẹ́ǹtì. Okùn á ti orí ìwo màlúù wá, á gba inú òrùka yẹn, á bọ́ sọ́wọ́ Gbọingbọin lódì kejì. Bó bá ṣe ń fà á ni orí màlúù á máa sọ̀ kalẹ̀, títí àgbọ̀n rẹ̀ á fi kanlẹ̀. Èmi á lọ́ ìwo kí ọ̀fun lè kọjú sókè. Kékeré á di ẹsẹ̀. Dúńbú á wá ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ okùn, á fà á lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Abẹ́ okùn ni ọ̀bẹ ń gbà, kì í gba orí rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ẹni tó bá wọṣẹ́ nìyẹn, kí wọ́n tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ.

Lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́, ẹran pọ̀ nílẹ̀, ọ̀gá ń pariwo pé ká ṣe kíá. Wọ́n mú akọ dúdú kan wọlé. Orí rẹ̀ ti wálẹ̀, mo ti lọ́ ìwo. Lójijì ni orí gbéra. Ìwo ya mí lókè ojú, ẹ̀jẹ̀ bò mí lójú, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Igbe Kékeré ni mo gbọ́. Nígbà tí mo fi máa nujú, akọ náà ti fi ìwo kàn án mọ́ ògiri, ìfun rẹ̀ ti wà níta. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó o padà sínú. Kò tíì kó o tán tó fi kú.

Dúńbú bojú wẹ̀yìn. Ó rí Gbọingbọin tó na gbalaja sórí ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀ ògiri kejì, tó di okùn mú lọ́wọ́.

"Ọtí ló mu!" Dúńbú ké. "Ó mutí lánàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀! Ẹ wò ó bó ṣe sùn bí ẹlẹ́dẹ̀, òkú àbúrò mi rè é!"

Lóòótọ́, Gbọingbọin máa ń mutí. Kò wí nǹkan kan. Dúńbú mú àáké, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá a lágbọ̀n. Mo gbọ́ egungun tó fọ́. Ó tún gbá a. Ọ̀pọ̀ wa la so mọ́ ọn lára kó má baà gbá a nígbà kẹta, ó ń wọ́ gbogbo wa kiri bí ẹni wọ́ aṣọ. Gbọingbọin fọwọ́ di ẹnu mú, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ìlú ò rí i mọ́. Lẹ́yìn ọdún kan la gbọ́ pé òun àti ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí òpin orílẹ̀-èdè, níbi tí ọkọ̀ ilẹ̀ ń lo ọjọ́ méjì kó tó dé.

Dúńbú búra níbi sàréè. Ó ní ọjọ́ tí òun bá fojú kan Gbọingbọin, ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ tí Kékeré kú lòun máa fi dú u.

A darúgbó. Wọ́n kó ẹ̀rọ wá sí odò ẹran, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Dúńbú ò níṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń jókòó sẹ́yìn ilé tó ń pọ́n ọ̀bẹ. Ó pọ́n ọn títí ó fi tín-ín-rín bí ewé.

Ọmọ Gbọingbọin ló pè mí lórí fóònù. "Bàbá," ó ní, "bàbá mi ní ojú àwọn ti ń fọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ẹ̀yin méjèèjì kó tó ṣú pátápátá. Mo ti san owó bàálù."

Mo lọ sọ fún Dúńbú. Mo rò pé ó máa tutọ́ sílẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà wo la ń lọ?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, àbúrò mi fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Kò tíì bọ́jú.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ó pọ́n ọ̀bẹ yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́."

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́, ẹ sì lè jókòó máa mu tíì! Tó bá pa bàbá yẹn, ẹ̀wọ̀n ló máa kú sí. Èmi ńkọ́? Ìyàwó apààyàn ni wọ́n á máa pè mí nídìí omi. Ẹ bá mi mú ọkọ mi padà, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́."

"Màá mú un padà."

"Kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, mo ní. Ẹ ṣèlérí."

Mo ṣèlérí. Ní ọjọ́ orí mi, mi ò lè gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Mo ṣèlérí náà.

Èmi àti Dúńbú ò wọ bàálù rí. Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò, àpò á wọnú ẹ̀rọ kan, á jáde lódì kejì. Tèmi jáde. Ti Dúńbú ò jáde. Ọmọbìnrin tó ń wo ẹ̀rọ náà fọwọ́ pe ẹ̀ṣọ́ méjì.

"Ta ló ni àpò yìí?"

"Èmi ni," Dúńbú ní.

"Kí ló wà nínú ẹ̀, bàbá?"

"Ṣẹ́ẹ̀tì méjì àti ọ̀bẹ."

Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé ìrẹsì àti iyọ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀bẹ kẹ̀? Ẹ fẹ́ gbé ọ̀bẹ wọ bàálù?"

"Apẹran ni mí. Ṣé wàá bi káfíńtà pé kí ló ń fi òòlù ṣe?"

Ẹ̀ṣọ́ tú ṣẹ́ẹ̀tì tó fi wé e. Ọ̀bẹ náà gùn tó apá, ó ń kọ mànà. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀ṣọ́ ní wọ́n máa gbà á. Dúńbú na ọwọ́, ó di èèkù rẹ̀ mú.

Wọ́n bò ó. Ọ̀kan lọ́ ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, èkejì fi orúnkún lé e lẹ́yìn, wọ́n fi ojú rẹ̀ gbálẹ̀. Mo gbọ́ bí eyín ṣe kan táìsì. Àgbàlagbà ni, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n wọ́n nù. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ba ọ̀kan lẹ́nu, onítọ̀hún tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì dá ẹ̀ṣẹ́ padà fún un légbèé lẹ́ẹ̀mejì. Mo kúnlẹ̀ láàárín wọn. "Ẹ dákun, ẹ má pa á, kò wọ bàálù rí! Kò mọ̀ ni!"

Ọ̀gá wọn dé, obìnrin sísanra kan. Ó fi ẹsẹ̀ ti ọ̀bẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wo Dúńbú nílẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò tíì fò, ẹ ti fẹ́ já wa lulẹ̀. Ta lẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ yìí pa?"

"Ọ̀rẹ́ mi," Dúńbú dáhùn nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán létè rẹ̀.

Gbogbo èèyàn tún bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

"Ewú orí yín ló gbà yín lọ́wọ́ mi lónìí," ó ní. "Ẹ mú ọ̀kan: bàálù tàbí àhámọ́. Ọ̀bẹ ò sí níbẹ̀." Ó jù ú sínú garawa kan tí sísọ́ọ̀sì àti abẹ fẹ́lẹ́ kún inú rẹ̀. Ó dún kẹ̀ǹgẹ́.

Mo rò pé Dúńbú máa ní òun ò lọ mọ́. Ọ̀bẹ yẹn ló fi búra. Ó dìde, ó nu ẹnu, ó ní, "Bàálù."

Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀bẹ yẹn ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀bẹ wà ní gbogbo ilé.

Wọ́n fi bẹ́líìtì dè wá mọ́ àga. Dúńbú gbé tiẹ̀ wò.

"Wọ́n ti so wá. Ta ló ń mú ọ̀bẹ bọ̀?"

Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kọjú sí fèrèsé. Bàálù sáré, ó gbéra, mo dijú. Nígbà tó yá tí mo lajú, àwọsánmọ̀ ló tẹ́ lọ bí ọ̀rá ẹran, funfun báláú. Dúńbú náà ń wò ó.

Wọ́n gbé búrẹ́dì àti ẹyin wá, pẹ̀lú fọ́ọ̀kì oníke. Dúńbú tẹ fọ́ọ̀kì náà, ó dá sí méjì.

"Èyí ò lè gé ọrùn adìyẹ." Ó jẹ ẹyin náà tán pẹ̀lú ètè wíwú. Ó ní, "Ìwo, tí mo bá ti mú un, má dá sí i."

"Ó ti darúgbó. Ojú rẹ̀ ti ń fọ́."

"Kékeré ò darúgbó."

"Àbúrò mi ńkọ́? Ta ni wàá fi í sílẹ̀ fún?"

"Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Bàálù mì. Ó tún mì, ó já wálẹ̀ bí ẹni bọ́ sí kòtò, gbogbo èèyàn figbe ta. Àpótí kan já láti òkè, ó ba ọkùnrin kan lórí níwájú wa, orí bẹ́. Obìnrin kan ń bì sínú ọwọ́ rẹ̀. Mo di apá àga mú, mò ń pe gbogbo ẹni tó bí mi. Dúńbú nìkan ló jókòó jẹ́ẹ́.

"Fi ara balẹ̀," ó ní. "Ẹran tó bá ṣì ń tàpá, kò tíì kú."

A balẹ̀. Ọmọ Gbọingbọin ló wá fi takisí rẹ̀ gbé wa. Ó kí wa dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé wa dé ẹnu géètì, ó ní èrò ń dúró de òun. Ó lọ. Kò mọ nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ò sọ fún un.

Gbọingbọin jókòó síwájú ilé lórí àga onírin. Ó ti kéré. Èjìká tó ń fa màlúù ti gbẹ, àgbọ̀n rẹ̀ ti wọ́ lọ sápá òsì, ẹnu rẹ̀ ò pàdé. Ó na etí sí ìró ẹsẹ̀ wa.

"Ìwo nìyẹn. O ṣì ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún bí ẹran tí wọ́n so lẹ́sẹ̀."

"Èmi ni."

"Ẹnì kejì ńkọ́?"

Dúńbú sọ àpò rẹ̀ sílẹ̀. Gbọingbọin rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde.

"Ìbínú rẹ̀ ti ń rùn dé ibí kí bàálù yín tó balẹ̀. Ọmọ burúkú. Ẹ wọlé."

Yàrá kékeré ni. Àga mẹ́rin, fáànù tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lókè, àwòrán àwọn ọmọ lára ògiri. Ìyàwó Gbọingbọin ń gé búrẹ́dì lórí tábìlì. Ó gé e wẹ́wẹ́, ó ń da tíì lé e lórí nínú abọ́, ó ń fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ kó lè rọ̀. Ó kí mi. Kò kí Dúńbú.

Dúńbú wo abọ́ náà. "Bó ṣe ń jẹun nìyẹn?"

"Bó ṣe ń jẹun nìyẹn," obìnrin náà ní. "Ọwọ́ yín ló ṣe é. Ẹ wò ó dáadáa."

"Lọ sí ilé ìdáná," Gbọingbọin sọ fún un.

Ó lọ. Ó fi ọ̀bẹ búrẹ́dì sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo rí i. Dúńbú náà rí i. Mo sún díẹ̀ kí n lè wà láàárín rẹ̀ àti tábìlì.

"Dúńbú," Gbọingbọin ní, "sún mọ́ mi. Òjìji nìkan ni mò ń rí láti ibí. Jẹ́ kí n wo bí ojú rẹ ṣe bàjẹ́ tó."

Dúńbú sún mọ́ ọn. Gbọingbọin na ọwọ́ láti fi kàn án lójú. Dúńbú gbá ọwọ́ náà dà nù, ó sì fi ìkúùkù lù ú lójú. Àga dojú dé. Kí n tó pe "Háà," ó ti gba orí mi kọjá, ó ti mú ọ̀bẹ, ó ti fi orúnkún tẹ Gbọingbọin láyà mọ́lẹ̀. Mo fà á ní kọ́là. Ó ju ìgbọ̀nwọ́ sẹ́yìn láìwò. Ó bà mí lókè ojú gan-an níbi tí màlúù ti ya mí nígbà yẹn, ojú àpá ṣí, ẹ̀jẹ̀ tún bò mí lójú.

Ìyàwó Gbọingbọin sáré jáde pẹ̀lú ọmọ odó. Ó gbé e sókè, ó là á mọ́ Dúńbú lẹ́yìn, gbì! Dúńbú kérora, kò dìde. Ó tún là á mọ́ ọn. Kò dìde. Dúńbú ti fi ojú ọ̀bẹ lé ọ̀fun Gbọingbọin, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan ti jáde.

"Sọ ọ́ fún mi," Dúńbú ní. "Sọ ọ́ kí n gbọ́. Sọ pé ọtí lo mu."

Gbọingbọin ò jà. Ó gbé àgbọ̀n wíwọ́ yẹn sókè fúnra rẹ̀, bí ẹni tó mọ iṣẹ́.

"Ó dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n abẹ́ okùn ni kó gbà lọ́tẹ̀ yìí o."

Ọwọ́ ọ̀bẹ Dúńbú dúró.

"Kí lo wí?"

"Mi ò wí nǹkan kan. Ṣe iṣẹ́ rẹ."

Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. "Ó ti wí i!" ó ké. "Ọlọ́run ṣeun, ó ti wí i fúnra rẹ̀! Ìwọ lo gé okùn, ìwọ! Ó mú un wálé lábẹ́ ẹ̀wù lọ́jọ́ náà. Ẹnu okùn yẹn tẹ́jú bí búrẹ́dì tí mo gé yìí. Okùn tó já fúnra rẹ̀ máa ń hu irùngbọ̀n! Ó jù ú sínú iná níṣojú mi, àgbọ̀n rẹ̀ tó fọ́ ń ṣẹ̀jẹ̀."

"Dákẹ́!" Gbọingbọin ní.

"Mi ò dákẹ́ mọ́! Ó ní tí ọ̀rẹ́ òun bá mọ̀ pé ọwọ́ ara ẹ̀ ló pa àbúrò ẹ̀, ó máa pa ara ẹ̀. Ó ní ó sàn kó kórìíra òun. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rẹ búrẹ́dì. Dú u! Kí n lè sinmi búrẹ́dì rírẹ!"

"Irọ́ ni," Dúńbú ní. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Gbogbo ayé ló rí i." Ó kọjú sí mi. "Ìwo. Níbo ló ṣubú sí?"

"Nísàlẹ̀ ògiri."

"Báwo ló ṣe ṣubú?"

"Sẹ́yìn. Lórí ẹ̀yìn rẹ̀."

Ẹnu mi kọ́kọ́ sọ ọ́ kí orí mi tó dé ibẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀, tí okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí okùn ṣì wà lórí màlúù, màlúù á wọ́ ọ síwájú. Á fi àyà gbálẹ̀, òrùka irin yẹn á gba ìka lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn níṣojú wa. Ẹni tó bá ṣubú sẹ́yìn tó bá ògiri, ohun tó ń fà ló já mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí apẹran tí kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó rò ó. Òkú wà nílẹ̀, ta ló máa ro okùn? Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ló sì wà nínú ilé yẹn.

"Ìwo," Dúńbú ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ṣé màlúù wọ́ Gbọingbọin?"

"Rárá."

"Kò wọ́ ọ."

"Kò wọ́ ọ, Dúńbú."

Ó dìde kúrò láyà Gbọingbọin. Ó dúró sáàárín yàrá. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó di ọ̀bẹ mú.

"Akọ yẹn mirí," ó ní. "Mo yára. Ọ̀gá ń pariwo."

Ó gbé ọ̀bẹ, ó fi sí ọrùn ara rẹ̀.

Mi ò ronú. Ọwọ́ mi ló ronú. Mo fò mọ́ ọn látẹ̀yìn, mo di etí rẹ̀ méjèèjì mú, mo lọ́ orí rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ́ ìwo. Gbọingbọin ò ríran, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èémí. Ó rá kòrò wá nílẹ̀, ó wá ọwọ́ ọ̀bẹ náà kàn, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó fẹsẹ̀ ti ìdí tábìlì, ó sì fà. Dúńbú bú ramúramù. Ó gbé wa méjèèjì kúrò nílẹ̀, ó fi mí gbá ògiri, àwòrán àwọn ọmọ já lulẹ̀, gíláàsì fọ́ káàkiri. Ọ̀bẹ ti ya á lọ́rùn, ó ń ya ìka Gbọingbọin náà. Gbọingbọin ò tú u sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yẹ̀. Ó fà á títí orúnkún Dúńbú fi kanlẹ̀, títí àgbọ̀n rẹ̀ fi kanlẹ̀. Èmi sùn lé e lórí.

"Gba ọ̀bẹ, ìyàwó!" mo pariwo. "Gba ọ̀bẹ!"

Obìnrin náà tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ìka fi ṣí. Ó gbá ọ̀bẹ lọ sábẹ́ àga.

A sùn síbẹ̀, àwa àgbà mẹ́ta, lórí gíláàsì. Ohùn tó jáde lẹ́nu Dúńbú kì í ṣe ẹkún. Gbogbo wa ti gbọ́ irú ohùn yẹn rí níbi iṣẹ́, lẹ́yìn tí ọ̀bẹ bá ti kọjá. Ó pẹ́ kó tó tán.

"Ìwo," Gbọingbọin ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "o ti fúyẹ́ gan-an o. Nígbà kan rí, tó o bá sùn lé nǹkan lórí, á mọ̀."

"Ìwọ náà, ojú lo fọ́, ẹnu rẹ ò fọ́."

"Ó ti fọ́. Bi ẹni tó wà nílẹ̀ yẹn."

Dúńbú wá sọ̀rọ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Wo ohun tó o ṣe báyìí tó o gbọ́," Gbọingbọin ní.

Ìyàwó rẹ̀ fi omi gbígbóná àti aṣọ di gbogbo wa lọ́gbẹ́. Ó ń bú wa bó ṣe ń dì í. Ó fa aṣọ ọrùn Dúńbú le ju bó ṣe yẹ lọ, Dúńbú ò sì pe "yéè." Èmi àti Gbọingbọin pín ara wa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì láti sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí mo jí, kò sí níbẹ̀. Mo sáré jáde sí yàrá iwájú. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi ọwọ́ ya búrẹ́dì sínú abọ́ tíì wẹ́wẹ́, ó ń fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó Gbọingbọin dúró tì í.

"Kò tíì rọ̀," ó ń sọ fún un. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i."

Ó tẹ̀ ẹ́ sí i.

Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò nígbà tí à ń bọ̀, ẹ̀ṣọ́ kan bi í bóyá ohun tó mú ṣáṣá wà lára rẹ̀. Dúńbú na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó sì fi wọ́n síbẹ̀ títí ẹ̀ṣọ́ náà fi ní, "Ó ti tó, bàbá, ẹ máa lọ." Nínú bàálù, kò wo fèrèsé.

Àbúrò mi dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó wo aṣọ tí wọ́n fi wé ọrùn rẹ̀. Ó wo ojú mi tó wú. Ó wá wo ṣẹ́ẹ̀tì Dúńbú, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn láti kọ́là dé ìdí.

"Bọ̀ọ̀dá mi. Kí lẹ ṣèlérí fún mi?"

"Gbọingbọin wà láàyè. Ó ní kí n kí ọ."

"Ẹ̀jẹ̀ ta wá ni èyí?"

"Tàwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni," mo ní.

Ó wò wá títí. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà lára ọkọ rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni bọ́ aṣọ lára ọmọ, ó sì lọ wá omi tútù tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀.